Kíka Ìwé Ìṣúná Ìlú Lórí Ayélujára: Èkó Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

 Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìnáwó ìjọba. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé àti àwọn aṣírò-owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú èyí sí. Èmi kò bá wọn du iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé ìwé ni ìwé ìṣúná: ó ní ẹni tí ó kọ ọ́, ó ní ẹ̀dà orísìírísìí, ó ní girama tirẹ̀, ó sì ní ohun tí kì í hàn sí ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń kà á. Ní ayé àtijọ́, inú àpótí ọ́fíìsì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù tí ó ń lọ sórí ayélujára lè gbà á sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó ti pọ̀ tó báyìí, àwọn tí ó ń kà á kò pọ̀, àwọn tí ó sì ń ṣì í kà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí a ń pe ìwé náà. Àwọn ará ọjà a máa pè é ní bọ́jẹ́ẹ̀tì; rédíò àti ìwé ìròyìn a máa pè é ní ètò ìṣúná. Láti ara 'ṣún' àti 'ná' ni ìṣúná ti wá, bí ìgbà tí a bá sọ pé ìyàwó ilé ń ṣún owó ọbẹ̀ ná. Ẹni tí ó ń ṣún owó ná mọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tí yóò rà, ó sì mọ iye ọjọ́ tí owó náà gbọ́dọ̀ tó o. Orúkọ náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣì wá lọ́nà. Ìwé tí ìjọba ń gbé jáde pẹ̀lú orúkọ yìí kì í ṣe àkọsílẹ̀ bí a ṣe ná owó. Àkọsílẹ̀ ohun tí ìjọba ní lọ́kàn láti ṣe ni, púpọ̀ nínú owó tí a sì kọ sínú rẹ̀ ni kò tíì wọlé nígbà tí a kọ ọ́. Bí a bá fi ojú girama wò ó, 'yóò' ni ó gba inú ìwé náà kan láti ojú-ewé kìn-ín-ní dé ìparí. Kò sí 'ti' níbẹ̀.

Ibi tí àṣìkà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnìkan yóò rí i nínú ìwé pé a kọ 200 mílíọ̀nù náírà fún ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ̀, yóò wo ilẹ̀ tí koríko bò, yóò sì pariwo pé wọ́n ti kó owó jẹ. Ẹlòmíràn tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà lórí oyè yóò gbé ìwé kan náà sókè, yóò ní ìjọba ti fún wọn ní ilé ìwòsàn. Àwọn méjèèjì ka 'yóò' bí ẹni pé 'ti' ni. Ó ṣeé ṣe kí owó náà má jáde rárá. Ó ṣeé ṣe kí ó jáde ní àbọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jí i ní tòótọ́. Ìwé ìṣúná nìkan kò lè sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ fún wa. Ìwé mìíràn ni yóò sọ ọ́, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ìjọba wo ni ó ni ìlú?

Mo mú Èkó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nítorí pé ó súnmọ́ ohun tí a lè pè ní ìjọba ìlú ju ibòmíràn lọ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ìlú ní kíkún. Èkó ní olórí ìlú tí à ń pè ní méyọ̀ nígbà kan: Dókítà Ọlọ́run-Nímbẹ ni, láti ọdún 1950 sí 1953, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ìjọba ìlú ń ṣe níbòmíràn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà wà, pẹ̀lú àwọn 37 tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ fi kún un fún ìdàgbàsókè. Ti Ìbàdàn tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó pín ìlú náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá ìwé kan ṣoṣo tí a kọ 'Ìṣúná Ìlú Ìbàdàn' sí lára yóò wá a tì.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe 'Èló ni?' bí kò ṣe 'Iṣẹ́ ta ni?' Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, ibi ìsìnkú, àti irú àwọn òpópónà, iná òpópónà àti ojú àgbàrá tí òfin ìpínlẹ̀ bá fi sí ìkáwọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé òrùlé ọjà yín ni ó ń jò, ẹ lè ka ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìrí i. Kíkó pàǹtí wà nínú iṣẹ́ tí Àfikún náà kà fún ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ ní Èkó àjọ ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní LAWMA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1977 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ni ó gbé e dání. Ohun tí òfin sọ àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo dọ́gba. Ó di dandan kí a wádìí méjèèjì.

Níbo ni ìwé náà wà?

Ọ̀nà tí ìwé wọ̀nyí gbà dé orí ayélujára kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó tí a ń pín fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù sínú ìwé ìròyìn. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu nígbà náà. Àwọn ènìyàn ń ra ìwé ìròyìn nítorí tábìlì nọ́ńbà! Lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ọdún 2018 sí 2022, Báǹkì Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 750 mílíọ̀nù dọ́là. Ìpínlẹ̀ tí ó bá tẹ ìwé ìṣúná rẹ̀ àti ìròyìn ìnáwó rẹ̀ síta lásìkò lórí ayélujára ni ó ń rí nínú owó náà gbà. Èyí ni ó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ tí kò fi ìwé wọn han ẹnikẹ́ni rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú rere nìkan ni ó fa á.

Ní Èkó, ojú-ewé ayélujára Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ètò Ọrọ̀-Ajé àti Ìṣúná ni kí a kọ́kọ́ lọ. Bí a bá kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọdún tí a ń fẹ́ sínú Google, yóò gbé wa débẹ̀. Bí ojú-ewé ìjọba bá kọ̀ tí kò ṣí, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀, BudgIT, ẹgbẹ́ aráàlú kan tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2011, ní ibi ìkójọ kan tí a ń pè ní Open States, níbi tí wọ́n kó ìwé àwọn ìpínlẹ̀ sí. Ní ti iye tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà láti Àbújá, ọ́fíìsì Aṣírò-Owó Àgbà ti ìjọba àpapọ̀ ni ó ń gbé e jáde. Ìwé ìṣúná ti ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn ṣọ̀wọ́n lórí ayélujára. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni àlàfo tí ó tóbi jù wà, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà wa jù.

Ìwé tí a ó rí gbà máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú-ewé. Kò sí ẹni tí ó ní kí a kà á tán. Bí a bá ṣí i tán, kí a lo ibi ìwákiri inú rẹ̀, kí a sì wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Níhìn-ín, a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún orúkọ ibi. Ìwé ìṣúná a máa kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí àwa ń wá orúkọ àdúgbò. Ẹni tí ó ń wá Ajégúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ wá Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn pẹ̀lú. Ajégúnlẹ̀ mìíràn sì tún wà ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Wọn kì í fi àmì ohùn sí orúkọ ìlú kankan, àwa tí ó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni iṣẹ́ wa sì mọ ohun tí ó ń bá ìyẹn rìn. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ojú-ewé ni wọ́n kàn yà sínú PDF, ìwákiri kò ní rí ohunkóhun. Ojú ni a ó fi kà á.

Ẹ̀dà wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ?

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé àtijọ́ mọ̀ pé kí a tó sọ pé òǹkọ̀wé kan wí báyìí báyìí, a gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀dà tí a ń kà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí pẹ̀lú ìwé ìṣúná. Àkọ́kọ́ ni àbá tí gómìnà gbé lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí Ilé náà tún ṣe, tí gómìnà sì buwọ́ lù. Èyí ni ó di òfin. Bí ọdún bá ń lọ, àtúnṣe tàbí àfikún lè tún dé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Nófẹ́ḿbà ọdún 2024, àbá tí Gómìnà Sanwo-Olu gbé síwájú àwọn aṣòfin Èkó fún ọdún 2025 jẹ́ nǹkan bí 3.005 tírílíọ̀nù náírà. Èyí tí ó buwọ́ lù ní oṣù Jánúárì 2025 jẹ́ nǹkan bí 3.366 tírílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀dà méjèèjì tó 360 bílíọ̀nù náírà. Ẹni tí ó ka ìwé ìròyìn oṣù Nófẹ́ḿbà tí kò sì padà wá wo ti Jánúárì ń jiyàn lórí ìwé tí kò sí mọ́. Ti ọdún 2020 tilẹ̀ tún yàtọ̀: ìṣúná Èkó ti di òfin ní iye tí ó lé ní 1.16 tírílíọ̀nù náírà, kí àrùn Kòrónà tó dé. Nígbà tí ọjà ti pa, tí owó epo sì lọ sílẹ̀, wọ́n gé e kù sí nǹkan bí 920 bílíọ̀nù. Bí ẹnìkan bá fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ bu ìjọba wí pé kò ṣe tó, tàbí tí ìjọba bá fi ẹ̀dà kejì yin ara rẹ̀ pé òun ṣe kọjá ohun tí òun ṣèlérí, ó yẹ kí a lè béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì pé: ẹ̀dà wo ni?

Girama ìwé ìṣúná

Mo ti sọ pé 'yóò' ni ó gba inú ìwé náà kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i, ẹ kò ní rí 'yóò' kankan tí a kọ sílẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni: kíkọ́ ilé ìwòsàn, títún ọ̀nà ṣe, rírà ọkọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn, tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ girama mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá sọ 'kọ́' di 'kíkọ́': olùwà yóò pòórá, àsìkò yóò sì bá a lọ. Nínú gbólóhùn 'Agbaṣẹ́ṣe kọ́ ilé ìwòsàn', a mọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Nínú 'kíkọ́ ilé ìwòsàn', a kò mọ ẹni tí yóò kọ́ ọ, a kò mọ ọjọ́, a kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kò sọ pé ìwà àrékérekè ni ó mú kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń kọ tábìlì owó káàkiri ayé nìyẹn. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti dá olùwà àti àsìkò padà sí àyè wọn.

Nọ́ńbà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ràn wá lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo. Àwọn ìjọba ní Nàìjíríà ní àkójọ àmì ìṣirò kan tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Nọ́ńbà 52 ni àmì kíkún rẹ̀, ọ̀nà mẹ́fà ni a sì pín in sí: 12 fún ọ́fíìsì tí yóò ná owó, 8 fún irú ohun tí a ń ná an lé lórí, 5 fún ète rẹ̀, 14 fún ètò iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, 5 fún àpò tí owó ti wá, 8 fún ibi tí iṣẹ́ náà wà. Gbogbo rẹ̀ kì í sáábà hàn nínú ìwé tí a tẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó bá hàn tó fún iṣẹ́ wa. Nínú ìwé tí ó bá tẹ̀lé ìlànà yìí, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 jẹ́ owó tí ń wọlé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 jẹ́ owó tí ń jáde. 21 jẹ́ owó oṣù òṣìṣẹ́ àti ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn. 22 jẹ́ ìnáwó ojoojúmọ́ yòókù, bíi epo jẹnẹrétọ̀, ìrìn-àjò àti èlé gbèsè. 23 jẹ́ iṣẹ́ àkànṣe. Inú 23 yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń wá sápamọ́ sí. 2301 jẹ́ rírà, 2302 jẹ́ kíkọ́, 2303 jẹ́ títún ṣe. Bí ìwé bá sọ pé ilé ìwòsàn ni, tí àmì rẹ̀ sì jẹ́ 2301, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibùsùn àti ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ rà, kí ó má jẹ́ ilé rárá. Ní ti ète, 707 ni ìlera, 709 ni ẹ̀kọ́. Àwa tí a ń kọ́ni ní ẹsẹ Ifá mọ̀ pé bí babaláwo bá tẹ odù tán, ojú àmì ni yóò kọ́kọ́ kà kí ó tó la ẹnu. Mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé yìí.

Ìwé tí ó ní 'ti'

Ìròyìn ìmúṣẹ ìṣúná ni ìwé kejì tí mo ṣèlérí. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ó ń jáde, ojú-ewé kan náà tí ìwé ìṣúná wà ni ó sì máa ń wà. Ó ní òpó bíi mélòó kan: iye tí a kọ sínú òfin, iye tí ó kù lẹ́yìn àtúnṣe, iye tí a ná láàárín oṣù mẹ́ta náà, iye tí a ti ná láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti ìdá tí èyí jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Òpó kẹrin ni kí a tẹjú mọ́.

Àfinúrò ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú wá yìí. Kò sí àdúgbò kan pàtó tí mo ní lọ́kàn. Ká ní wọ́n kọ 200 mílíọ̀nù náírà fún kíkọ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ìròyìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ pé òdo. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, òdo. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, 30 mílíọ̀nù. Ọdún parí sí 30 mílíọ̀nù, ìyẹn ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn kan náà tún fara hàn pẹ̀lú 250 mílíọ̀nù. Kí ni a mọ̀? A mọ̀ pé 170 mílíọ̀nù kò jáde lábẹ́ àmì yìí, nítorí náà ẹni tí ó ń pariwo pé wọ́n jí 200 mílíọ̀nù kò ní ẹ̀rí. A mọ̀ pé 30 mílíọ̀nù jáde, nítorí náà ẹni tí ó sọ pé ìjọba kò rí owó rárá kò sọ òótọ́. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni ohun tí 30 mílíọ̀nù náà ṣe. Ìròyìn ìmúṣẹ ń sọ owó tí a san. Kò sọ bíríkì tí a tò. Ó lè jẹ́ owó àkọ́gbà tí agbaṣẹ́ṣe ń gbà kí ó tó gbé ṣọ́bìrì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ni kí a fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Láti ọdún 2014 ni BudgIT ti ní ètò kan tí ń jẹ́ Tracka fún irú iṣẹ́ yìí: àwọn ènìyàn inú àdúgbò a mú ìwé ìṣúná lọ́wọ́ lọ sí ojú iṣẹ́, wọn a ya àwòrán, wọn a sì fi ránṣẹ́.

Òdo pàápàá ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé owó tí wọ́n ń retí kò wọlé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa ka apá owó tí ń wọlé kí a tó ka ti owó tí ń jáde. Ó sì lè jẹ́ pé abẹ́ àmì mìíràn ni wọ́n ti san án. Ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ̀sùn kan ènìyàn gbọ́dọ̀ yọ méjì tí ó kẹ́yìn wọ̀nyí kúrò ná.

Ìwé kẹta ni ti Olùṣàyẹ̀wò Owó Àgbà. Abala 125 ìwé òfin sọ pé láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé ìṣirò ọdún bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ó fi àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, òun sì ni ó ní àṣẹ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún èyí nípa fífi ọdún kan wé èkejì, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ti ń fi nọ́ńbà dá wa lójú jù. Ìṣúná Èkó fún 2023 jẹ́ nǹkan bí 1.768 tírílíọ̀nù náírà. Ti 2025 jẹ́ 3.366. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó fi nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣirò ti orílẹ̀-èdè yìí ti tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà náà, owó ọjà ní Nàìjíríà fi ìdá 28.92 lé sí i ní ọdún tí ó parí ní Disẹ́ḿbà 2023, ó sì tún fi ìdá 34.80 lé sí i lórí ìyẹn ní Disẹ́ḿbà 2024. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ohun tí a ń ra ní 100 náírà ní òpin ọdún 2022 ti di nǹkan bí 174 náírà. Ìdá 90 náà wá ṣẹ́kù sí nǹkan bí ìdá 10 bí a bá fi ohun tí owó lè rà wọ̀n ọ́n. Gbogbo ìṣirò yìí kò ju ohun tí fóònù lè ṣe lọ, kò sì sí olóṣèlú tí yóò bá wa ṣe é.

Ohun tí a lè béèrè

Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Peckham, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ohun kan tí àwa kò ní. Ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní ọdún 2015 pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ gbogbo ìnáwó tí ó bá kọjá 500 pọ́n-ùn síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a san án fún, ó kéré tán ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Òfin wọn sì fún àwọn ará àdúgbò ní 30 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dọọdún láti lọ wo ìwé ìṣirò àti rìsíìtì fúnra wọn. Olùwà tí girama ìṣúná gbé pamọ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Disẹ́ḿbà 2019, pé kí a máa tẹ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba bá san tí ó tó 5 mílíọ̀nù náírà síta lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò bá a lọ déédéé.

Níwọ̀n ìgbà tí ó rí báyìí, ohun tí a ní ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí ó fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ 7 ni a fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un fún ìdí tí òfin náà là sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sì ní 30 ọjọ́ láti lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń sọ pé òfin náà kò kàn wọ́n. Ní oṣù Épírì ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé ó kàn gbogbo ìpínlẹ̀.

Bí a ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Bí a bá kọ̀wé pé 'Kí ni ẹ ń fi owó wa ṣe?', ọ̀rọ̀ ìbínú ni, kò sì sí àkọsílẹ̀ tí ó lè dá a lóhùn. Àkọsílẹ̀ ni kí a béèrè, kí a má béèrè àlàyé: ìwé àdéhùn iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí owó tí a san, orúkọ agbaṣẹ́ṣe. Kí a kọ ọdún, kí a kọ orúkọ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé ìṣúná, kí a sì kọ àmì nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ ó sọ pé, olùkọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tí ẹ ń sọ yìí. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Abala 97 ìwé òfin ọdún 1999 gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ wọn. Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí ìgbéga èdè Yorùbá láti ọdún 2018. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé tí ó sọ bí a ó ṣe ná owó-orí ìyálọ́jà tí ó ń ná ọjà ní Yorùbá. Àwọn tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí tóótun láti túmọ̀ ojú-ewé díẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn èyí tí ó kan àdúgbò tí yunifásítì wà, mo sì ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú Òfin Òmìnira Ìròyìn tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Abala kẹta rẹ̀ sọ pé ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún òun. Ó tún sọ pé bí ènìyàn bá fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ìyá arúgbó kan lè wọ ọ́fíìsì náà, kí ó sì wí pé: 'Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwé tí ẹ fi gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn àdúgbò wa fún agbaṣẹ́ṣe lọ́dún tó kọjá ni mo wá béèrè, àti ti owó tí ẹ ti san fún un. Nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì nìyí, ọmọ-ọmọ mi ni ó bá mi kọ ọ́ sínú bébà.' Òṣìṣẹ́ náà yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fún ìyá ní ẹ̀dà kan mú lọ sílé.